Amánà Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Àkọsílẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi kálámù kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Nígbà tí a bá jókòó pẹ̀lú àwọn òbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí a bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣe, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ dókítà á tètè dáhùn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ lọ́yà á gbé ohùn sókè. Ṣùgbọ́n ìyá kan dá wa lóhùn pé, "Àfáà, ó ní nǹkan kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni òun ń ṣọ́. N kò mọ̀ bóyá mẹ́gáàdì ni wọ́n gbà á sí." A rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí a délé ni a tó rí i pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnà sí òtítọ́. Nígbà tí Ànábì Yusuf ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ọba Íjíbítì, kí wọ́n fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà, ohun méjì ló fi júwe ara rẹ̀ nínú áàyà 55 Súrátu Yusuf: pé olùṣọ́ ni òun, àti pé onímọ̀ ni òun. Ṣíṣọ́ ló kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó kan ìmọ̀. Mẹ́gáàdì ni ọmọ ìyá náà lóòótọ́. Dátábéèsì ló ń ṣọ́.

Kí ni dátábéèsì? Ẹ rántí ìwé orúkọ tí a fi ń pe àwọn ọmọ ilé-kéwú láràárọ̀, tí a fi rúlà pín sí òpó-òpó: orúkọ ọmọ níhìn-ín, ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó tó san lọ́hùn-ún. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni dátábéèsì, àmọ́ ó lè gba orúkọ àìmọye mílíọ̀nù ènìyàn, kí ó sì fa ẹyọ kan jáde nínú wọn kí a tó ṣẹ́jú. Ní ọdún 1970 ni Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé tó ṣàlàyé bí a ṣe lè to àkọsílẹ̀ sínú àwọn àtẹ tó so mọ́ ara wọn. Orí ìmọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ dátábéèsì ṣì dúró lé títí di òní. Owó yín ní báńkì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, máàkì JAMB yín, àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín ní ọsibítù, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ibi tí wọ́n bá sì wà, ẹnìkan wà tí wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó lásán. Bí ojúmọ́ bá mọ́, ohun àkọ́kọ́ tí olùṣọ́ yìí máa wò ni bóyá ẹ̀dà ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà ṣe lóru, èyí tí wọ́n ń pè ní backup, pé pérépéré. Yóò wo àyè tó kù fún àkọsílẹ̀, nítorí bí àyè bá kún, iṣẹ́ gbogbo ilé-iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹlòmíràn á dé pé ohun tí òun béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ń pẹ́ jù. Yóò wá ìdí rẹ̀, yóò rí i pé àtẹ náà kò ní atọ́ka, kọ̀ǹpútà wá ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá áàyà kan tí kò mọ súrà tó wà. Àwọn àtúnṣe ńlá, òru ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti sùn. Fóònù lè dún ní aago méjì òru, kí ó dìde pẹ̀lú oorun lójú, kí iná NEPA má sí, kí bátìrì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ku díẹ̀. Ọjọ́ tí ohun gbogbo bá ń lọ déédéé, kò sí ẹni tó rántí pé ó wà. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni ẹ yá ṣe. Áàyà tó gùn jùlọ nínú Kùránì alápọ̀n-ọ́nlé, ìyẹn áàyà 282 nínú Súrátul-Baqarah, kì í ṣe lórí ìrun tàbí àáwẹ̀. Àkọsílẹ̀ gbèsè ló sọ̀rọ̀ lé. Nínú rẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́, kí ó má ṣe kọ̀ láti kọ ọ́ bí Ọlọ́hun ti fi mọ̀ ọ́n, kí ó má ṣe sú wa láti kọ kékeré àti ńlá pẹ̀lú àsìkò rẹ̀, kí a má sì fi ìnira kan akọ̀wé tàbí ẹlẹ́rìí.

Ní nǹkan bí ọdún 20 lẹ́yìn Hìjírà, Sayyidinā Umar ọmọ Khattab dá ìwé orúkọ ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Díwáàn, kí a lè mọ ẹni tí owó ìlú tọ́ sí àti iye tó kàn án. Wọ́n gbà á wá pé nígbà tí àwọn akọ̀wé fẹ́ fi ìran Umar síwájú, ó kọ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n to orúkọ gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe súnmọ́ Ànábì sí. Nígbà tí wọ́n sì pín owó, iye tó fún Usamah ọmọ Zayd ju èyí tó fún Abdullah, ọmọ bíbí inú òun fúnra rẹ̀, lọ. Abdullah béèrè ìdí. Umar dá a lóhùn pé Ànábì fẹ́ràn bàbá Usamah ju bàbá tirẹ̀ lọ, ó sì fẹ́ràn Usamah ju òun náà lọ. Ìwé wà lọ́wọ́ Umar, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi gbé ọmọ rẹ̀ ga.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí nìyí. Ẹni tó ń ṣọ́ dátábéèsì ní agbára tí ọ̀gá àgbà pàápàá lè má ní. Ọ̀gá lè pàṣẹ, àmọ́ olùṣọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó lè ka ohun tí ẹnikẹ́ni kò fún un láyè láti kà. Ó lè yí òǹkà kan padà. Níbi tí wọn kò bá ti ṣètò dáadáa, ó tún lè pa ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹni tó yí i padà rẹ́. Amánà nìyẹn, ìyẹn ohun tí wọ́n fọkàn tán ọ láti tọ́jú. Ọlọ́hun sì pàṣẹ nínú áàyà 58 Súrátun-Nisā'i pé kí a dá amánà padà fún àwọn tó ni ín. Ọ̀nà mẹ́rin ni a fẹ́ gbà yẹ amánà yìí wò.

Àkọ́kọ́: má ṣe yí ohun tó jẹ́ òtítọ́ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kéwú lọ́dọ̀ wa wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Dátábéèsì àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ṣọ́ ní ilé-iṣẹ́ kan. Ọ̀gá tó bá a wá iṣẹ́ náà, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, pè é sí yàrá, ó ní kí ó bá òun fi ọdún mẹ́rin dín ọjọ́ orí òun kù nínú kọ̀ǹpútà, kí òun má baà fẹ̀yìn tì ní ọdún tó ń bọ̀. Kò jágbe mọ́ ọn, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ọmọ mi, ìlà kan péré ni." Ọmọ náà ní, "Àfáà, kò ní gbà mí tó ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Bàbá yìí ni sábàbí oúnjẹ tí mò ń jẹ."

A kò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn, nítorí kò rọrùn. A bi í pé: ta ló ni ọdún mẹ́rin náà? Ẹnìkan wà lẹ́yìn ọ̀gá náà tí ìgbéga tọ́ sí. Ọmọ ẹnìkan wà nílé tó ń wá iṣẹ́. Owó-oṣù ọdún mẹ́rin, àpò ẹlòmíràn ni yóò ti jáde. Ìlà kan péré ni lójú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlà kan péré lójú àwọn tí kò sí ní yàrá yẹn. A rán an létí áàyà 135 Súrátun-Nisā'i, níbi tí Ọlọ́hun ti ní kí a dúró ti ẹ̀tọ́, ìbáà ṣe lòdì sí ara wa, tàbí òbí wa, tàbí ìbátan wa.

Ó padà lọ, ó kí ọ̀gá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, kí ẹ so ìwé ọjọ́ ìbí yín mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, n ó yí i padà lójú gbogbo ènìyàn." Ìwé kankan kò wá. Kí ló wá tẹ̀lé e? A kò fẹ́ tàn yín jẹ. Ìgbéga tó ń retí kò dé ní ọdún náà. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Bàbá rẹ̀ bínú sí i fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó rí iṣẹ́ sí ibòmíràn, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi í bí nǹkan ṣe ń lọ, ó ní, "Àfáà, mò ń sùn." Ẹ̀yin ènìyàn wa, mélòó nínú àwọn olówó ìlú ló lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí pé àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ìjọba lóṣooṣù wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi ètò owó-oṣù orí kọ̀ǹpútà, IPPIS, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, gbógun tì. Kọ̀ǹpútà kì í fúnra rẹ̀ pe òkú síṣẹ́. Ọwọ́ ẹ̀dá alààyè ló ń tẹ orúkọ rẹ̀ wọlé.

Ìkejì: má ṣe yọjú sí ohun tí kò kàn ọ́. Níbí, àwa tí a ń kọ̀wé yìí la jẹ̀bi. Ìyá kan wá bá wa pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ ọmọ òun, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀ nípa genotype rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin tó kọ́ kéwú lọ́dọ̀ wa ń ṣọ́ àkọsílẹ̀ ní ọsibítù tí ọmọkùnrin náà ń lò. A pè é. A ní kí ó kàn wò ó fún wa, pé nítorí ire ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Àfáà, ẹ foríjìn mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní áàyà tó ní kí a má ṣe tọpinpin ara wa. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yìí fún yín lónìí, ta ló máa bá mi tì í lọ́la? Ẹ jẹ́ kí arákùnrin náà fúnra rẹ̀ mú ìwé rẹ̀ wá."

Ojú tì wá. Áàyà 12 Súrátul-Hujurāt ló ń wí, àwa la sì kọ́ ọ. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, a tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá náà pe ọmọkùnrin yẹn, ó bá a sọ ọ́ lójúkojú. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò pọ̀, wọ́n jọ gba èsì. Ọ̀nà tó mọ́ wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìkánjú wa ni kò jẹ́ kí a rí i. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ṣáájú òfin yẹn ni Ànábì ti kọ́ wa nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá pé ẹni tó bá bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo àṣírí tirẹ̀. Ẹ̀yin tó ń pín àṣẹ ìwọlé, ẹ fún oníkálukú ní ìwọ̀n tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fi páásíwọ́ọ̀dù yín yá ọ̀rẹ́. Kì í ṣe àìfẹ́ni. Ẹ̀ ń gba ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ ìdánwò ni.

Ìkẹta: pa ẹ̀dà mọ́, kí o sì dán an wò, bí o bá ṣe àṣìṣe, jẹ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogun Yamāmah, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ru Kùránì sórí ti kú, Sayyidinā Abubakr yan Zayd ọmọ Thābit pé kí ó ṣa Kùránì jọ sójú kan. Zayd ní ká ní wọ́n ní kí òun gbé òkè kan kúrò ní àyè rẹ̀ ni, ìyẹn kò bá wúwo tó èyí lọ́rùn òun. Hāfíìsì ni Zayd, síbẹ̀ kò gbára lé orí ara rẹ̀ nìkan. Ó ń wá èyí tí wọ́n kọ sára imọ̀ ọ̀pẹ àti òkúta, ó sì ń wá a lọ́wọ́ àwọn tó há a sórí. Ẹ̀dà náà wà lọ́dọ̀ Abubakr, ó bọ́ sọ́wọ́ Umar, lẹ́yìn náà ó wà ní ìṣọ́ Hafsah ọmọ Umar, ìyàwó Ànábì. Nígbà tí Sayyidinā Uthman fẹ́ da ẹ̀dà rẹ̀ kọ láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ìlú, ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ló ránṣẹ́ sí, ó sì dá a padà fún un lẹ́yìn tí wọ́n parí. Ẹ̀yin arábìnrin wa tí wọ́n ń sọ fún pé iṣẹ́ ìṣọ́ àkọsílẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin, ẹ fi Hafsah dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab ń tún dátábéèsì ṣe ní alẹ́. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà, èyí tó jẹ́ ojúlówó àti èyí tó ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ó rò pé orí ti ẹ̀dà ni òun wà, ó pàṣẹ pé kí ó pa ohun inú rẹ̀ rẹ́. Orí ojúlówó ló wà. Kí ó tó dá a dúró, nǹkan bí 300 gígábáìtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán. Wọ́n sáré lọ wo àwọn ẹ̀dà ìpamọ́: èyí tó yẹ kí ó máa ṣe ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń kùnà, ìwé ìkìlọ̀ tó yẹ kí ó sọ fún wọn kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ wọn kan fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Ohun tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn, ó lọ. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kò bò ó. Gbangba ni wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo ayé, tí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò bóyá yóò ṣí, ìrètí lásán ni. Ìkejì, àṣìṣe kì í ṣe àdàkàdekè. Ọmọ ènìyàn ń ṣe àṣìṣe, ẹnu ọ̀nà tùúbá sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ṣe é, tó pa ìwé ẹ̀rí rẹ́, tó wá dákẹ́, ìyẹn gan-an ni àdàkàdekè. Nínú hadíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ ní ọjà, ó bá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tútù, òkè sì gbẹ. Ó bi oníṣòwò náà léèrè ìdí tí kò fi fi tútù náà sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì wí pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kì í ṣe ara òun. Ìròyìn tó dára lórí, tí àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, òkìtì oúnjẹ yẹn náà ni.

Ìkẹrin: má ṣe gbàgbé amánà ara rẹ. Ìwọ tó ń jí ní aago méjì òru nítorí fóònù ọ̀gá, má ṣe sun Súbùhì mọ́jú. Bí iṣẹ́ àtúnṣe bá máa gba wákàtí púpọ̀, kọ àsìkò ìrun sínú ètò iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ kí ó dúró fún ọ, kí ìwọ náà dúró fún un nígbà tirẹ̀. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ tí ojú rẹ ń ṣú, sọ ọ́, nítorí ara rẹ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ, àárẹ̀ sì wà lára ohun tó ń mú ọwọ́ ṣi ibi tí yóò tẹ̀. Tún àníyà rẹ ṣe pẹ̀lú. Ẹ̀yin oníṣẹ́ yìí mọ̀ pé dátábéèsì dáradára máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ ná, kí ó tó fọwọ́ kan àtẹ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ lójijì, yóò mọ ohun tí yóò parí àti ohun tí yóò fagi lé. Àwa náà, àníyà ló ń ṣáájú iṣẹ́. Bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ pé o ń lọ wá hàláàlì, o sì ń lọ ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn nítorí Ọlọ́hun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, kò sí àkọsílẹ̀ kan nínú dátábéèsì yín tí ọwọ́ yín kò lè tó. Ọ̀kan wà tí ọwọ́ yín kò ní tó láéláé. Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrátul-Infitār pé àwọn olùṣọ́ wà lórí wa, àwọn akọ̀wé alápọ̀n-ọ́nlé tí wọ́n mọ ohun tí à ń ṣe. Kò sí páásíwọ́ọ̀dù tó lè ṣí ìwé wọn. Iná kì í lọ lọ́dọ̀ wọn. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé náà kalẹ̀, a ó rí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú Súrátul-Kahf, pé kò fi kékeré sílẹ̀, kò sì fi ńlá sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dá wà ní yàrá tútù yẹn lóru, tí ẹnìkan sì ti sọ fún yín pé ìlà kan péré ni, ẹ rántí pé ìlà kan náà ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nípa yín. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi hàláàlì tó wa, kí ó má ṣe jẹ́ kí a ri ọwọ́ bọ hàráàmù. Kí ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, kí ó ṣọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn. Kí ó foríjì wá níbi tí a ti kù díẹ̀ káàtó, kí ó bo àṣírí wa ní ayé àti ní ọ̀run, kí ó sì fi ìwé wa lé wa ní ọwọ́ ọ̀tún. Āmīn.